Fíìmù Jàǹdùkú Ti Wọ Yàrá Wa: Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà?

   

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ lórí ojú ìwé yìí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lọ wá kiri. Òun fúnra rẹ̀ ló wá wa wá sí Ìsarà. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyá kan nínú ìjọ wa ń ti ọjà bọ̀. Bó ṣe yà sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá àwọn ọmọdé mẹ́rin níbẹ̀. Ọmọ tirẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, di pákó mú bí ẹni di àdá mú. Ọmọ mìíràn na gbalaja sílẹ̀, ó dijú. Ìyá wa rò pé eré sójà ni. Ó ní, "Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn, kò tilẹ̀ ṣojo: "Màámi, èmi ni Ọbalọlá. Mo ti pa á."

Ìyá náà kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọbalọlá. Ó kọ́kọ́ rò pé ọmọ tuntun kan ló wọ kíláàsì wọn. Ìgbà tó wádìí ọ̀rọ̀ délẹ̀ ló tó mọ̀ pé nínú fíìmù ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ló gbé fíìmù náà wá nínú fóònù nígbà tó wá lo ìsinmi. Àwọn ọmọdé kó ara wọn jọ yí fóònù náà ká, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ sì mọ ọjọ́ tí wọ́n wò ó? Alẹ́ Fráídè tí gbogbo àwa àgbà wà ní ìṣọ́ òru ni. Ìyá náà sọ fún wa pẹ̀lú omi lójú pé, "Èmi ń pariwo orúkọ wọn níwájú Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ń wo ìpànìyàn nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. A lọ bá àwọn aṣáájú ìjọ, a sì tọrọ wákàtí kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, kí òbí àti ọ̀dọ́ lè jọ sọ̀rọ̀. A bẹ gbogbo ènìyàn pé kí ẹni tó ti wo fíìmù náà sọ ohun tó rí, kí ẹnikẹ́ni má sì jágbe mọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí a ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ti wò ó nawọ́ sókè, ọwọ́ tó dìde pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Àwọn òbí ń wo ara wọn lójú. Ẹ̀yin ará, kí á má tan ara wa jẹ: lórí ojú ìwé yìí kan náà la ti máa ń kọ ọ́ pé, "Ẹ má ṣe wo fíìmù burúkú." Wọ́n kà á, wọ́n ní àmín, wọ́n sì wò ó.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, Gangs of Lagos ni orúkọ fíìmù náà. Ẹni tó darí rẹ̀ kì í ṣe àlejò sí wa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Jáde Osiberu ni, ọmọ Ọba Adéwálé Osiberu, Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀pẹ́ ní Ṣágámù. Iléeṣẹ́ Amazon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lórí Prime Video, níbi tí ènìyàn ti ń sanwó wo fíìmù láti ilé rẹ̀. Òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde gẹ́gẹ́ bíi ti ara wọn. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2023 ni. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa: Fráídè Rere ni. Kò yà sí ilé sinimá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa ènìyàn. Láti ọjọ́ kìíní ló ti wọ ilé tààrà, ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè tó lé ní 240.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ọmọdé mẹ́ta, Ọbalọlá, Gift àti Ify, dàgbà pọ̀ ní ìgboro Ìsàlẹ̀ Èkó. Tobi Bakre ló ṣe Ọbalọlá, Adesua Etomi-Wellington ṣe Gift, Chike tó jẹ́ olórin sì ṣe Ify. Ìyá Ify, tí Chioma Akpotha ṣe, ni ìyá tí àwọn ọmọ náà mọ̀. Ify fẹ́ di olórin. Ọbalọlá fẹ́ bọ́ kúrò nínú ayé jàǹdùkú, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń jẹ́ Kazeem, tó ń bá àwọn òṣèlú ṣiṣẹ́, kò fẹ́ kí ọwọ́ bọ́ lára ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n pa Ify. Ìyá rẹ̀ bá òkú ọmọ rẹ̀, ó ké. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ni títí fíìmù fi parí.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbọ́ ohun tí àwọn tó wò ó sọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́kọ́ dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Fíìmù yẹn dára. Ìjà inú rẹ̀ dàbí ti òyìnbó. Títí di ìgbà wo la ó máa wo fíìmù tí ìbọn ń dún bí ẹni gbá tábìlì?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a kò lè purọ́. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ di jàǹdùkú, inú òun dùn ni pé ọmọ Nàìjíríà ṣe ohun tí gbogbo ayé jókòó wò.

Arábìnrin kan tó ń ránṣọ dìde. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní àdúgbò tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí ìdìbò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá wa á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn ọmọkùnrin tí a jọ ń ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ oníẹ̀wà kan náà ni wọ́n ń fún lówó, tí wọ́n ń fún ní ọtí, tí wọ́n ń fún ní àdá. Bí ìdìbò bá parí, ẹni tó rán wọn kò ní mọ orúkọ wọn mọ́." Ó rán wa létí pé ìdìbò gómìnà wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, fíìmù náà sì jáde kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń wò ó, kò ṣe òun bí ìtàn àròsọ.

Alàgbà wa kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbọ́ èyí, ó mi orí. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rò pé fíìmù ló kọ́ wọn? Ọmọdé ni mí nígbà wẹ́tìẹ̀." Wọ́n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí: lẹ́yìn ìdìbò ìwọ̀ oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, tí àwọn ènìyàn gbà pé wọ́n yí ìbò, jàǹdùkú ń da bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Bàbá ní, "Kò sí fóònù nígbà náà. Kò sí fíìmù kankan tó ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Owó òṣèlú àti ìbínú ló kọ́ wọn. Ẹ má di ẹ̀bi ru dígí nítorí pé ó fi ojú yín hàn yín."

Ọ̀rọ̀ bàbá jẹ́ òtítọ́, Bíbélì wa sì gbè é lẹ́yìn. Ẹ ṣí ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kẹsàn-án. Abimeleki fẹ́ jọba. Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n fún un ní àádọ́rin owó fàdákà láti inú ilé òrìṣà, ó sì fi owó náà háyà àwọn ènìyàn lásán. Àwọn yẹn tẹ̀ lé e lọ sí ilé bàbá rẹ̀, ó sì pa àwọn arákùnrin rẹ̀ lórí òkúta kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ará, jàǹdùkú òṣèlú nìyẹn. Bíbélì kò fi ẹ̀jẹ̀ náà pamọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé fíìmù burú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ nìkan kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Arákùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ó ní inú àwọn àna òun kò dùn sí fíìmù náà rárá. Lóòótọ́, kò pẹ́ tó jáde tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní wọ́n sọ ìlú àwọn di ibùba ọ̀daràn, wọ́n sì fi àwọn kan hàn nínú aṣọ Ẹ̀yọ̀ tí wọ́n ń pànìyàn. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí àṣà náà bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ní ọdún 2025 ni ẹjọ́ náà sì parí sí àdéhùn àti ìtọrọ àforíjì.

Àwọn kan nínú ìpàdé wa ní, "Kí ló kàn wá? Ṣé àwa náà ń bọ eégún ni?" Rárá, a kì í bọ ọ́, gbogbo ayé sì mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin Ọlọ́run tó ní kí á má jẹ́rìí èké kò yọ ọmọnìkejì tí ìsìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ní àwọn apànìyàn wà ní àdúgbò kan, ó lè jẹ́ òtítọ́. Bí ó bá sọ ọ́ débi pé ẹni tó bá gbọ́ orúkọ àdúgbò náà kò ní rántí ohun mìíràn mọ́, ó ti ṣe àwọn ìyá tó ń jí ní ìdájí lọ sọ́jà níbẹ̀ níbi. Àwa ará Rẹ́mọ ló yẹ kó tètè mọ èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ń pa ara wọn ní ìgboro Ṣágámù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bọ́, ilé ìtajà tì, ìròyìn náà sì kàn dé òkè òkun. Ṣé a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí gbogbo Ṣágámù ṣe rí nìyẹn?

Bí a ṣe dárúkọ Ṣágámù ni ìyá kan tó ti ń tẹ orí ba láti ìbẹ̀rẹ̀ gbé orí sókè. A kò ní dárúkọ wọn. Ọmọ àbúrò wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà wà lára àwọn tó bá ọ̀rọ̀ oṣù kẹjọ yẹn lọ. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan, ó jáde lọ ra oúnjẹ ni. Màmá náà ní, "Mo wo fíìmù yẹn lọ́dọ̀ ọmọ mi l'Ékòó. Mo ń bá a bọ̀ títí ìyá ọmọ yẹn fi ké. Bí àbúrò mi ṣe ké gan-an nìyẹn. Mo ní kí wọ́n pa á. N kò mọ ibi tó parí sí, n kò sì fẹ́ mọ̀." Wọ́n jókòó. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀. Fíìmù kan náà ni. Ọ̀dọ́kùnrin rí ìjà tó gún régé, aránṣọ rí àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀, àgbà rí wẹ́tìẹ̀, àna Ìsàlẹ̀ Èkó rí àbùkù, màmá sì gbọ́ igbe àbúrò rẹ̀. Ta ni ọmọ ọdún mọ́kànlá wa rí? Àdá nìkan ló rí. Ìyá Ify ké níwájú rẹ̀ bó ṣe ké níwájú màmá, ṣùgbọ́n igbe náà gba etí rẹ̀ kọjá, nítorí pé kò sí àgbà kankan nínú yàrá náà tí yóò sọ fún un pé, "Gbọ́ o. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà."

Ibi tí ẹnu wa kò ti kò pẹ̀lú fíìmù náà la fẹ́ sọ báyìí, a ó sì sọ ọ́ láìbú ẹnikẹ́ni. Ó ṣe dáadáa nígbà tó fi hàn bí ọwọ́ òṣèlú ṣe ń wọ àpò jàǹdùkú. Ó ṣe dáadáa nígbà tó jẹ́ kí á gbọ́ igbe ìyá. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó jẹ́ kí á bá ìyá náà sunkún tó fi àdá lé wa lọ́wọ́. Ó mú ẹ̀san dùn. Ẹni tó ń wò ó á ṣáà máa retí kí Ọbalọlá pa ẹni tó kàn, bó bá sì pa á, inú rẹ̀ á dùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa jẹ́wọ́ pé àwọn pàtẹ́wọ́. Ará, ìgbà tí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ń lọ.

Ẹ fi wé ìtàn Rispa nínú ìwé Samuẹli Kejì, orí kọkànlélógún. Wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀ méjì pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ Saulu márùn-ún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí Saulu ti ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rispa mú aṣọ ọ̀fọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè títí òjò fi rọ̀, ó ń lé ẹyẹ ní ọ̀sán, ó ń lé ẹranko ní òru. Kò háyà ẹnikẹ́ni láti gbẹ̀san. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé etí Dafidi ọba, ojú sì ti ọba débi tó fi lọ kó egungun wọn jọ, tó sin wọ́n, ìlú sì rí ìtura. Ẹkún ìyá lè parí ogun bí àwọn ọba bá gbọ́ ọ. Ohun tí fíìmù náà kò fún àwọn ọmọ wa nìyẹn, àwa la sì gbọ́dọ̀ fún wọn.

Báwo wá ni fíìmù báyìí ṣe dé ọwọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá? Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ìgbà tí Olóyè Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà, ṣe Aiyé ní ọdún 1979 àti Jáiyésinmi ní ọdún 1980. Wọ́n ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú, inú gbọ̀ngàn la ti ń wò ó. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ẹni tó ń wọlé. Bí àjẹ́ bá yọ lójú aṣọ funfun yẹn, ọmọ á ki orí bọ abẹ́ ìborùn ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì sọ fún un pé, "Má bẹ̀rù, eré ni."

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ta ni kò mọ Owó Blow ti Tádé Ògìdán, ìtàn ọmọ tí ìyà sọ di ọ̀daràn? Ìwà jàǹdùkú kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kan ló wà nílé, jẹnẹrétọ̀ kan, bàbá ló sì ni àga tó kọjú sí i. Bí ohun tí kò yẹ bá yọ, bàbá á húkọ́, ọmọ á dìde lọ bu omi. Ní ọdún 1993, ìjọba ṣe òfin tó dá àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀, kí wọ́n lè máa kọ iye ọdún tí ẹni tó fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ tó sára rẹ̀. Àwọn fíìmù ìhìnrere náà, bíi Agbára Ńlá ti àwọn Mount Zion, ń dẹ́rù ba ọmọdé nígbà náà, ṣùgbọ́n àwa àgbà jókòó tì wọ́n, a sì gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Tẹlifíṣọ̀n palọ̀ kò lágbára mọ́. Fíìmù wà nínú fóònù, fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, okùn wà létí, bàbá kò sì gbọ́ kinní kan tí yóò fi húkọ́. Ẹni tó sanwó fún un lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan á ti gba inú fóònù kan bọ́ sí òmíràn káàkiri àdúgbò. Àjọ ìjọba lè kọ 18 gàdàgbà sára fíìmù, kò lè wá jókòó sí yàrá ọmọ rẹ. Nígbà tí fíìmù bá gba ilé jáde, ìwọ bàbá, ìwọ ìyá, ni aṣọ́nà. Bí aṣọ́nà bá sùn, kí ó má bi olè léèrè ẹni tó ṣílẹ̀kùn.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí lọ́wọ́ wa.

Èkíní, ọmọdé kò gbọdọ̀ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹyin tí kò tíì le, a kì í sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Èkejì, ẹ mọ fóònù tó wọ ilé yín. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àlejò tó wá lo ìsinmi. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò ní èrò ibi lọ́kàn, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé òun náà jẹ́ àgbà nínú ilé ni.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ yín bá ti ń dàgbà, tó ti tó ẹni ọdún méjìdínlógún sókè, tí ẹ sì mọ̀ pé yóò wò ó bó pẹ́ bó yá, ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì péré. Ta ló jèrè nínú ẹ̀jẹ̀ yìí? Ta ló sunkún? Fíìmù tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì, tó kàn ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ojú lè gbádùn, ẹ pa á, ẹ lọ sùn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ ti wò ó, ẹ má fi pàṣán bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ẹ nà nítorí ohun tó sọ fún yín, ó ti kọ́ bí a ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún ló wúwo jù. Ẹ wo bí àwọn ọ̀gá jàǹdùkú ṣe ń rí ọmọ kó. Kì í ṣe àdá ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Oúnjẹ ni wọ́n ń fún un. Wọ́n ń fún un ní orúkọ ìnagijẹ, wọ́n ń bi í bó ṣe sùn, wọ́n ń bá a lé ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Iṣẹ́ bàbá ni wọ́n ń ṣe, ìgbẹ̀yìn ni owó ọ̀yà ń dé. Ìjọ tó bá mọ gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀ ní orúkọ, tó mọ èyí tí kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san, tó wá ọ̀gá fún èyí tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, kò ní bẹ̀rù Kazeem kankan. Ẹ̀yin ọkùnrin inú ìjọ, ẹ̀yin la ń bá wí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín kò lè ṣaláì rí ọmọ kan tí yóò máa bi léèrè pé, "Báwo ni o ṣe sùn?"

Kí á tó dákẹ́, ẹ ó fẹ́ mọ bí ti ọmọ wa ṣe parí. Ìyá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ṣùgbọ́n kò gbá a. Lẹ́yìn ìpàdé wa, ó pè é sórí ẹní ní alẹ́. Ó bi í pé, "Nínú fíìmù yẹn, ta ló sunkún?" Ọmọ ronú títí. Ó ní, "Ìyá Ify." Ìyá rẹ̀ ní, "Nígbà tí o di pákó mú lẹ́yìnkùlé, tí ọ̀rẹ́ rẹ dùbúlẹ̀, ta ló ṣe ìyá rẹ̀?" Ọmọ ní, "A kò yan ẹnikẹ́ni." Ìyá rẹ̀ kò fèsì. Ó kàn ń wò ó. Ọmọ náà ní, "Màámi, ẹ má sunkún." Wọ́n gbàdúrà pọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ fúnra rẹ̀ ló fi pákó náà dáná.

Ìjọ náà sì ti kọ́gbọ́n. Nísinsìnyí, bí ìṣọ́ òru bá dé, a ń tẹ́ ẹní sínú gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé, olùkọ́ méjì ń sùn tì wọ́n. Kò sí ọmọ tí à ń fi sílé pẹ̀lú fóònù mọ́ nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin ìjọ mìíràn, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò ná wa ju ẹní mélòó kan lọ.

Ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin náà rí, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ wa kò bá lára mu. A ó kà á, a kò ní jágbe. Títí a ó fi tún pàdé lórí ojú ìwé yìí, kí Olúwa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé àwọn ọmọ wa. Igbe Rispa kò ní gba ẹnu ọ̀nà ilé yín wọlé, ní orúkọ Jésù. Àlàáfíà fún yín o.